Gẹ̀ẹ́sì Gwaza Lórí Ogójì Àpò Ajílẹ̀

Ẹ bá mi kí Leveni Gwaza, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé Namgwede ní apá Ntcheu. Gwaza Gẹ̀ẹ́sì-ò-gbọdọ̀-rọrùn! Ọkọ ìwé, àna atúmọ̀-èdè! Ẹni tó ń kí ewúrẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ewúrẹ́ sì ń wá ọ̀nà sá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kórìíra láyé: "take". Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Gbogbo ayé ló ń fi í gba nǹkan, wọ́n ń fi í mu tíì, wọ́n ń fi í wọ ọkọ̀. Ta ni yóò wá mọ̀ pé Gwaza kàwé? Ló bá ra ìwé kan tó to àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sínú bí àgbàdo inú àká. Ìwé náà kò sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Gwaza náà kò bi í.

Láàárọ̀, Esinati ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá Thoko, ṣé ẹ máa mu tíì?"

"Mo máa confiscate rẹ̀."

Esinati ti gbé ìgboro rí. Ó mọ̀ pé ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe sí ọjà àwọn tó ń pàtẹ sójú títì nìyẹn. Á gbé ife kalẹ̀, á ní, "Kí tíì má jó ọlọ́pàá lẹ́nu o."

Lọ́jọ́ tí Gwaza ń lọ sí ìlú Balaka, ó ní kí awakọ̀ kidnap òun débẹ̀. Awakọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Bàbá, ta ló máa wá san owó ìtúsílẹ̀ yín?"

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Gwaza yìí, ojú rẹ̀ kò sí lára ìwé nìkan.

Nígbà tí òjò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba kó ogójì àpò ajílẹ̀ wá fún ẹgbẹ́, àpò méjì fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gwaza nìkan ló fọwọ́ sí i. Ó pe àwọn àgbẹ̀ jọ, ó ní méjìlélógún péré ló dé, pé ìyókù já sódò lórí afárá. Wọ́n kí i pẹ̀lẹ́. Ìyá àgbà Nabanda, opó tí àgbàdo rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ lésìí, padà sílé lọ́wọ́ òfo. Méjìdínlógún tó kù sì wà nínú àká lẹ́yìn ilé Gwaza, ó fi àgbàdo bò wọ́n lórí.

Ni Ọ̀gbẹ́ni Phoso bá ti ọ́fíìsì àgbẹ̀ ti ìjọba dé láti wá gbọ́ bí wọ́n ṣe pín ajílẹ̀. Ìwé tó sọ pé ogójì ni wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gwaza ò mikàn. Òun á fi Gẹ̀ẹ́sì jíhìn: àlejò á gbọ́ ogójì, abúlé á gbọ́ ṣí-ṣí-ṣí. Bóyá wọ́n á tilẹ̀ fi òun ṣe akọ̀wé gbogbo agbègbè. Ó ti ra táì pupa sílẹ̀.

"Ẹ lè sọ èdè wa, Chichewa, o," Phoso wí lábẹ́ igi máńgòrò. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

"Rárá o, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ìjọba kì í wọ ṣòkòtò péńpé jáde."

"Ó dáa. Tíṣà Zione, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tú u fún wa."

Gwaza ò retí ìyẹn. Àmọ́ kíláàsì kẹta ni Zione ń kọ́. Tóun bá ju òkúta ọ̀rọ̀ lù ú, ṣebí á dákẹ́ ni. Ó wúkọ́, ó fọwọ́ kan táì. Níbi tí ẹlòmíì ti máa sọ pé "take", ó mú èyí tó sanra jù nínú ìwé: "embezzle". Ó ní ọwọ́ òun méjèèjì lòun fi ṣe é, ogójì àpò gbáko.

Bírò Phoso dúró. "Ẹ ní kí lẹ ṣe?"

Gwaza rí i pé ẹnu ya ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Ó tún un sọ, ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń fa rọ́bà.

Zione yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé kí n tú u?"

"Tú u, àbúrò! Bó ṣe rí gan-an! Má bù ú kù!"

Zione kọjú sí àwọn èèyàn. "Akọ̀wé ní ọwọ́ òun méjèèjì lòun fi jí ogójì àpò ajílẹ̀ ẹgbẹ́ kó."



"Ogójì?" Ìyá àgbà Nabanda dìde.

"Irọ́ ni!" Gwaza fò sókè, Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi, ogójì? Ṣé olè ni mí? Gbogbo èyí tó wà lọ́dọ̀ mi ò ju méjìdínlógún lọ!"

Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó ya ẹnu láti gbé e mì padà, ó ti bọ́.

Láàárín àwọn obìnrin, Esinati káwọ́ lérí. "Yéè, Bàbá Thoko! Ìdí tí ẹ ò ṣe jẹ́ kí n dé ìdí àká láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Ẹ̀rín bú. Phoso gan-an di igi mú. Baálẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí orí tó gbé àpò wọ̀nyẹn wọlé náà gbé wọn jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Gwaza ń ru àpò kọ̀ọ̀kan láti ojúlé dé ojúlé, táì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, tí àwọn obìnrin ń hó yèè tẹ̀lé e.

Nílé Ìyá àgbà Nabanda, ó ju àpò sílẹ̀ gbì, ó fẹ́ jókòó. Ìyá fọwọ́ tẹ àpò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ ṣeun, akọ̀wé. Tèmi méjì ni."