Fóòmáànù Tí Kì í Béèrè

Bí ìgbéraga bá ṣeé dì sápò, ti Bọ́lárìnwá nìkan ì bá kún sítọ́ọ̀ etí omi Pọ́táákọ́ọ̀tù dé àjà. Ní ọdún 1959 ni wọ́n fi í ṣe fóòmáànù níbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ọrùn rẹ̀ kò ti yí mọ́. Tó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ló ń yí. Ó ra fìlà líle bíi ti òyìnbó, ó fi fèrè kọ́rùn, ó sì ya àga kan sọ́tọ̀ tí ìdí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn.

Àwọn lébìrà náà kò fi oríkì dù ú. Adájọ́-má-gbẹ́jọ́. Ọ̀mọ̀ràn Orí-ilẹ̀. Baba Fèrè. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ta sí i létí, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ọ̀gá tó bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́," ló máa ń wí, "ọmọ iṣẹ́ lòun náà."

Alimat, opó kan láti Mile One ní Diobu, ló ń rán àpò tó bá ya ní sítọ́ọ̀ náà. Ogún ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi tukọ̀ lójú omi yẹn kó tó kú. Abẹ́rẹ́ ló kù tó ń bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àkọ́bí rẹ̀ ni Bọ́lárìnwá, síbẹ̀ "ìwọ" ló fi ń pè é.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ̀ ojú omi kó irínwó àpò sìmẹ́ńtì dé. Omi ti fà lọ, etídò gbẹ, iyanrìn tẹ́ lọ rẹrẹ. Àwọn lébìrà ti ká òṣùká sórí láti gun òkè lọ sí sítọ́ọ̀ nígbà tí Bọ́lárìnwá fọn fèrè.

"Ibí yìí ni kẹ́ ẹ tò ó sí."

"Orí iyanrìn, ọ̀gá?"

"Orí iyanrìn. Ẹ tò ó ní ṣóńṣó bíi ti ẹ̀pà Kánò. Máníjà ń kó àlejò Èkó bọ̀ ní aago mẹ́rin. Mo fẹ́ kí wọ́n ti ojú títì rí i, kí wọ́n ní, 'Ta ló ṣe èyí?'"

Wọn yóò béèrè. Ẹ ṣáà ní sùúrù.

Solomon, lébìrà ọmọ Okrika tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí sínú ọkọ̀ ojú omi, fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn náà wò. "Oga, abeg. Dis water wey go so, e dey come back o."

Bọ́lárìnwá yí gbogbo ara sí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà láàárín àwọn lébìrà. Oṣù mẹ́ta péré ló ti lò nílùú náà, inú ọ́fíìsì ló sì ti lò ó. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí mi sí, àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Àwọn baba wa ti sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó bí Solomon."

Alimat kò fẹ́ dá sí i. Ó ro abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ro ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó bá mu omi, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán an.

"Fóòmáànù, ẹ wo òpó etí omi yẹn," ó ní. "Ibi tí ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn dé, ibẹ̀ lomi ń kún dé. Ó ga jù yín lọ."

"Ìwọ obìnrin yìí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lé ẹ lọ́wọ́, wọn ò gbé fèrè kọ́ ẹ lọ́rùn. Fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, máa lọ sílé ẹ. Ẹni tó bá tún dárúkọ omi, kó tẹ̀ lé e."

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ omi. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ Solomon gan-an, ìka ló fi ṣàpèjúwe.

Alimat fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ sílé. Ó gun òkè, ó jókòó, ó kọjú sí òpó.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, Bọ́lárìnwá ní kí wọ́n gbé àga òun lé téńté ṣóńṣó náà. Ó jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí títì, ó kẹ̀yìn sí omi. Ní aago mẹ́ta, omi ń yọ́ bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn lébìrà wo omi, wọ́n wo ara wọn, wọ́n rọra sún gòkè. Solomon na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀gá. Ọ̀gá rò pé ó ń kí òun ni, ó mi fìlà sí i.

Nígbà tí máníjà àti àwọn àlejò fi dé, àpò ìsàlẹ̀ ti ń bẹ́, gbogbo etídò ti rí bí omi eérú. Bọ́lárìnwá ti dìde lórí àga, ó ń fọn fèrè bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Máníjà béèrè, gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ kó béèrè: ta ló ṣe èyí?

"Wọn ò sọ fún mi," ni ohùn kan wí láti òkè ṣóńṣó.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn lébìrà. Solomon ló dáhùn. "Sah, we tell am. Mama sef show am di post. E drive Mama."

Máníjà wo òpó, ó wo Alimat lókè níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ padà fún ìyá náà lójú ẹsẹ̀, àti pé láti òní lọ, ìyá náà àti Solomon ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹrù yóò wà.

Solomon wọ omi lọ, ó pọn ọ̀gá bọ̀ lójú àlejò Èkó. Fìlà líle bọ́ sómi. Ó léfòó lọ díẹ̀, ó sì tún léfòó bọ̀. Omi ti dé àyà Solomon, ẹsẹ̀ Bọ́lárìnwá ti rì, ó sì dì mọ́ ọrùn ọmọ Okrika bí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ̀yin Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ké sí òkè, "ṣé ó ṣì máa kún ju báyìí lọ?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti jọ̀gá nìyẹn. Alimat wo òpó dáadáa kó tó dá a lóhùn.

"Ó ṣì kù díẹ̀, ọmọ mi. Má ṣáà bojú wẹ̀yìn."