Ìpàdé Aago Mẹ́rin ní Odò-Ìrókò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó fi iṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni kó pè é wọlé"? Ẹ ti ń mi orí. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ oko ni, tàbí ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n sá síta tí òjò pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, àwọn àgbà tí mo sì ń wí yìí ṣì wà láyé, wọ́n ń lo fóònù.

Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan wà nílùú Odò-Ìrókò. Ọláìtán ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò wọn sáfẹ́fẹ́. Ọláìtán mọ iṣẹ́, àmọ́ ó tún fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Kì í tẹ àwòrán kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà bíi ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ojú dúdú kan ló máa ń ṣí, táá máa kọ àṣẹ sínú rẹ̀ ní lẹ́tà funfun, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣe bó ṣe wí. Bí iṣẹ́ kan bá máa pẹ́, á ní kí kọ̀ǹpútà lọ máa ṣe é níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. "Mo ti fi í sí ẹ̀yìnkùlé," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, táá sì fẹ̀yìn ti àga.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Baálẹ̀ fẹ́ kí ìlú jọ sọ̀rọ̀ lórí afárá tó ya. Mojírádé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò náà, fi ohùn ara rẹ̀ ka ìkéde: "Gbogbo ọmọ Odò-Ìrókò, ìpàdé wà lónìí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ má ṣe pẹ́ o." Ó ní kí Ọláìtán máa gbé e sáfẹ́fẹ́ ní wákàtí wákàtí títí ìpàdé yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọláìtán kọ àṣẹ náà, ó fi iṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pa ojú dúdú dé. Lọ́kàn tirẹ̀, ó parí.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n yan àwọn tí yóò la pákó, kálukú gba ilé lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, rédíò tún ní ìpàdé wà lónìí. Ìlú tún pé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, àmọ́ ẹni tó ti múra jáde kò ní padà lásán. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri. Ní Ọjọ́rú, wọ́n yan alága. Tíṣà Ọyèkàn ni wọ́n mú, tó fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án, tó sì ti ń wá ìpàdé tí yóò darí látìgbà náà. Ó ti ra ìwé tí yóò máa kọ ìpinnu ìlú sí kí wọ́n tó dìbò fún un.

Mojírádé pe Ọláìtán. "Ìkéde yẹn ṣì ń lọ."

"Ọ̀gá, mo ti pa á dé láti ọjọ́ Ajé."

"Ojú rẹ̀ lo pa dé. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀."

Gbogbo iṣẹ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọláìtán wá nọ́ńbà ìkéde náà rí, ó pàṣẹ kí ó kú. Ó kú. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ti jí pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ọláìtán pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á lẹ́ẹ̀meje. Ó wá pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó tún un tàn. Kí orin kankan tó jáde, ìkéde ti ń ké sí ìlú.

Ní Ọjọ́bọ̀, Mojírádé bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ní kò sí ìpàdé kankan. Bó ṣe dákẹ́ báyìí, ohùn rẹ̀ kan náà tún ní ìpàdé wà, ẹ má ṣe pẹ́ o. Lọ́jọ́ yẹn, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé.

"Ẹnìkan wà tí kò fẹ́ ká máa pàdé," Tíṣà Ọyèkàn wí. "Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí ọ̀nà ilé Baálẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, Baálẹ̀ nìkan wọlé sí rédíò, ó jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláìtán.

"Ọmọ mi, wọ́n ti kọ ètò ìpàdé òní sára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Èmi ni ọ̀rọ̀ kejì."

"Kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, Bàbá?"

"Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀."

Ọláìtán tún ṣí ojú dúdú rẹ̀. Baálẹ̀ wo ojú dúdú náà títí, kò yé e. Ó ní, "Ohun tó bá ń kú tó tún ń jí, ẹnìkan ló ní kó máa jí. Ta ni?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá." Àmọ́ bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, ara fu ú. Ó ṣí àṣẹ tó kọ lọ́jọ́ Ajé. Ó rí i níbẹ̀, ní ìlà karùn-ún: bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ dúró, tún bẹ̀rẹ̀, bí iná bá lọ tó sì dé, tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí iná ìlú tí kì í dúró ló fi kọ ọ́, ó sì ti gbàgbé.

"Ta ni?" Baálẹ̀ tún bi í.

"Èmi ni, Bàbá."

Ó nu ìlà náà kúrò. Ó yọ orúkọ iṣẹ́ náà kúrò láàárín àwọn tó máa ń jí bí iná bá dé, ó sì wá dá a dúró. Wọ́n jọ ń retí. Aago mẹ́jọ lù. Orin dún, orin parí, orin mìíràn bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bí rédíò kò ti pe ìlú, ìlú lọ sóko. Nígbà tí Ọláìtán tẹ̀lé Baálẹ̀ dé gbọ̀ngàn ní aago mẹ́rin, Tíṣà Ọyèkàn nìkan ni wọ́n bá nídìí tábìlì. Ọláìtán dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Inú Tíṣà kò dùn rárá, nítorí ìpàdé ti mọ́ ọn lára.

"Níbo ni nǹkan yìí wà láti ọjọ́ Ajé?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni, sà."

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló yẹ kó pè é wọlé?"

Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀, ó rọra kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ó kà á sókè, ó sì béèrè ẹni tó máa kín in lẹ́yìn. Baálẹ̀, tí kò tíì jókòó, nawọ́ sókè.

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Odò-Ìrókò fi ṣe ìpàdé. Ìpinnu kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn jiyàn lé lórí títí dòní ni pé ẹni tó fi iṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni kó pè é wọlé.