Apá Ọ̀tún Báálù Olóyè

Ẹni tó bá dé Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò tíì gbọ́ pé Olóyè Olúsànyà ní báálù, a jẹ́ pé kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Olóyè fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ó sọ ọ́ níbi òkú, ó sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ní òjò ṣú, Olóyè á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti rí ẹ̀yìn òjò náà láti òkè.

Igi gẹdú ló fi lówó. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ sì gùn ju igi tó ń là lọ: Àgbà Ẹyẹ, Afòkè-má-kanlẹ̀, Ọkọ Òfúrufú. Àwọn ọmọ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè yí ohùn èyí tó kẹ́yìn padà díẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọkọ̀ Òfúrufú lójú ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń juwọ́.

Báálù ọ̀hún kéré, ó sì ti darúgbó kí Olóyè tó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kẹ́rù padà sílé. Wọ́n gbé e sí pápá kan létí ọ̀sà lọ́nà Àbígí, níbi tí àwọn tó gbin rọ́bà láyé ọjọ́un ti gé igbó sílẹ̀. Àwọn apẹja ń sá àwọ̀n sí ìrù rẹ̀. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò tíì gbéra rí, ṣùgbọ́n lẹ́nu Olóyè, ó ti lọ Gánà, ó ti bọ̀.

Kò sí awakọ̀ tó máa gbé e láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Olóyè bá pe Zipporah, ẹnjiníà báálù, ọmọ Awà. Obìnrin náà na tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ apá, ó fọwọ́ pa á lára, ó fi èékánná kàn án. Nígbà tó dé ìdí apá ọ̀tún, ó tún tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀kejì. Irin pẹlẹbẹ tó bo apá náà ti hunjọ bí awọ ọrùn àgbàlagbà, àwọn ìṣó ibẹ̀ sì ti ń mì.

Ó ní ó jọ pé báálù náà ti fi agbára kanlẹ̀ nígbà kan rí. "Ó lè jẹ́ òkè yìí nìkan ló bàjẹ́, sà. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá tó gbé apá ró ti là nínú. A ò lè mọ̀ àfi tá a bá tú u. Kí á tó tú u, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e."

Olóyè béèrè bóyá a ò kàn lè kan pátákó mọ́ ọn. Ní ilé ìlagi òun, ìṣó ni wọ́n fi ń pa igi tó bá là lẹ́nu mọ́. Zipporah so aṣọ pupa mọ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú báálù, àmì pé kò gbọdọ̀ gbéra, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà ilé ni ọgbọ́n ti dé bá Olóyè. Bí apá náà bá máa já, kò gbọdọ̀ já lọ́wọ́ òun. Olóyè yà sọ́dọ̀ Àlàájì Fàsásì, oníṣòwò igi bíi tirẹ̀ ní Òrù, tí báálù náà ti ń wọ̀ lójú tipẹ́. Ó ní nítorí ìfẹ́ lòun ṣe fẹ́ tà á fún un, àti pé òun ń wá èyí tó tóbi jù ú lọ. Fàsásì dì mọ́ ọn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Olóyè tú aṣọ pupa. Ó kun ibi tó hunjọ lọ́dà, ó sì lẹ fọ́tò ara rẹ̀ gbàràmù mọ́ ọn, èyí tó ti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irin abẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí fọ́tò náà tẹ́ dáadáa. Ojú kan ń ṣẹ́, ẹnu sì wọ́ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sunkún.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fà á lé Fàsásì lọ́wọ́, mọ́tò Fàsásì làwọn méjèèjì jọ wọ̀ dé pápá. Èrò ti kún: apẹja, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìyá aláṣọ funfun láti ṣọ́ọ̀ṣì. Olóyè gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ròyìn bó ṣe mu ẹ̀kọ ní Gánà láàárọ̀ tó sì jẹun ọ̀sán nílé. Ó ní, "Ẹnjiníà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé òun ò rí irú apá báyìí rí."

Ohun tí Olóyè kò mọ̀ ni pé Fàsásì ti mú awakọ̀ kan wá láti Èkó, Gbóyèga lorúkọ rẹ̀. Kí Olóyè tó wẹ̀yìn, Fàsásì ti wà nínú báálù, ó ti di bẹ́líìtì mọ́ ikùn. Ó yọrí síta, ó ní kí Olóyè máa bọ̀, káwọn jọ fò yí ọ̀sà po lẹ́ẹ̀kan, káyé lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ làwọn.

Èrò pàtẹ́wọ́. Olóyè wọ́ agbádá mọ́ra. Ó ní agbádá òun kò ní gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kó bọ́ ọ. Ó ní òun ń gbààwẹ̀, mọ́ínmọ́ín sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ní òòyì máa ń kọ́ òun lókè, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè ọ̀nà tó gbà lọ Gánà.

Gbóyèga ń yí báálù po, bí awakọ̀ ti máa ń ṣe kó tó gbéra. Ó dúró níwájú fọ́tò.

"Kí ló wà níbí, sà?"

"Èmi ni."

"Mo rí i pé ẹ̀yin ni. Abẹ́ yín ni mò ń béèrè."

Olóyè ní kò sí nǹkan kan. Gbóyèga ní tí kò bá sí nǹkan, kí wọ́n máa lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ lé apá náà láti gòkè. Apá náà dún kẹ̀ẹ̀ẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀! Ó ti là nínú. Zipporah ti sọ fún mi."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu Olóyè. Ọ̀rọ̀ náà kọjá pápá, ó kọjá etí omi, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi gbọ́ ọ. Ìyá aláṣọ funfun kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo pápá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú.

Fàsásì ń bá bẹ́líìtì jìjàkadì. Nígbà tó bọ́, ó jáde, ìdajì agbádá rẹ̀ kù sí ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo.

"Olúsànyà, o mọ̀, o sì jẹ́ kí n di bẹ́líìtì?"

Olóyè ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Fàsásì wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí Olóyè wá wọ mọ́tò òun. Níkẹyìn, ọlọ́kadà kan gbà láti gbé e dé títì ńlá. Bí wọ́n ṣe sáré gba àárín èrò kọjá, atẹ́gùn kó sínú agbádá ńlá náà, ó na apá rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó nà án sósì, ó fẹ̀ gbàgàdà lẹ́yìn ọ̀kadà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù sókè.

Ọlọ́kadà yíjú padà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ká apá yín mọ́ra, kó má lọ já."