Àṣẹ Méje Lórí Èéfín Tí Kò Sí ní Àpáta Pẹrẹsẹ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdó-Àpáta, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè yẹn mì ná! Ẹni tó ń sùn, kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ta á jí! Ẹni tó ń jà, kó di aṣọ ẹni tó ń bá jà mú, kó má jẹ̀ẹ́ kó sá lọ, kó sì fetí sílẹ̀. Yóò padà bá ìjà náà níbẹ̀.

Èmi Oyèékànmí, akéde ìlú, ni mo dúró. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í sọ tẹnu ara mi. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n rán mi lónìí, mo ti wá ibi tí mo lè gbà fi tọmọ jẹ́ ẹ títí, n ò rí i. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni n ó ṣe kà á.

Ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Afẹ́fẹ́ Rere ni iṣẹ́ náà ti wá. Kábíyèsí ni ì bá rán mi, ṣùgbọ́n ó ti di oṣù mẹ́ta tí Kábíyèsí ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ojú ló ń ta wọ́n. Kì í ṣe èéfín o! Ẹ má kó bá mi! Ojú ló kàn ń ta wọ́n. Alága ìgbìmọ̀ náà ni Olóyè Adégòróyè. Àwọn kan náà ni wọ́n ni ìléru tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Pẹrẹsẹ, níbi tí wọ́n ti ń jó wáyà, tí wọ́n ti ń tú inú tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tó ti kú, tí wọ́n ń yọ́ bàbà àti òjé inú wọn. Ẹni tó ń dáná náà ló ń ṣọ́ afẹ́fẹ́. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù wọ́n lọ? Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn! Ẹ pa á kó dún!

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Àṣẹ Kìíní! Láti òní lọ, kò sí èéfín mọ́ ní Ìdó-Àpáta! Mo tún un wí! Kò sí èéfín! Ohun dúdú tí ẹ ń rí lókè ìléru, orúkọ rẹ̀ ni Ìkùukùu Ìdàgbàsókè. Tó bá wọ ilé yín, ẹ kí i káàbọ̀. Tó bá wọ ojú yín, ẹ máa sunkún ayọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tún dárúkọ èéfín, ìbáà jẹ́ èéfín ìdáná tirẹ̀, wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sọ òbúkọ ààfin, orúkọ náà la ó sì máa fi pe òbúkọ yẹn títí tí yóò fi kú. Ìwọ Sùúrù tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí ẹ o. Òbúkọ ààfin ò tíì lórúkọ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé èéfín nìwà, bó pẹ́ bó yá, á rú síta. Ìgbìmọ̀ ní kẹ́nikẹ́ni má pa òwe yẹn mọ́ títí wọn yóò fi rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi rọ́pò rẹ̀.

Àṣẹ Kejì! Ikọ́! Wọ́n ti fòfin de ikọ́! Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ húkọ́ láàárín igba ìgbésẹ̀ sí ìléru! Ẹni tí ikọ́ bá ń gbọ̀n, kó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kó sọ iye ìgbà tó fẹ́ hú u. Wọ́n ṣì fàyè gba sísín, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá húkọ́ láìgbàṣẹ, ọmọlanke ni yóò máa tì fún ìléru fún ọjọ́ méje! Ọjọ́ méje! Tó bá tún húkọ́ nídìí ọmọlanke, ọjọ́ méje mìíràn! Mo mọ ẹnì kan ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Odò tí yóò tì í wọ sàréè. Àwọn géńdé tó ń yọ́ irin níbẹ̀ ńkọ́? Àwọn yẹn ti mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n máa ń kó ikọ́ ọjọ́ kan pa mọ́ra, wọ́n á wá hú u lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá ṣíwọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ta ni wọ́n fẹ́ bá wí?

Àṣẹ Kẹta kan gbogbo ilé. Ìléru ń béèrè oúnjẹ! Rédíò, fóònù, fáànù, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, èyí tó bá ti kú, ẹ gbé e wá! Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kú dáadáa o. Àwọn ẹbí ni yóò jẹ́rìí sí i. Rédíò tí wọ́n ń gbá létí kó tó sọ̀rọ̀ kò tíì kú, ara rẹ̀ ni ò yá. Fóònù tí wọ́n fi rọ́bà so lára ṣì wà láyé. Tísà Fábùnmi, tísà wa tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ forí jì mí, orúkọ yín wà nínú ìwé. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n yín ti kú láti ayé ológun, pé àlùbọ́sà lẹ̀ ń kó sínú rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ kó àlùbọ́sà kúrò, kẹ́ ẹ yọ̀ǹda òkú. Ẹni tó bá fi òkú irin pamọ́, wọn yóò gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, wọn yóò sì mú un yí ọjà po. Ẹ ní fíríìjì ńkọ́? Wọn ò yọ fíríìjì sílẹ̀.

Àṣẹ Kẹrin! Èyí kì í ṣe tiyín, ti afẹ́fẹ́ ni. Ìwọ afẹ́fẹ́, gbọ́ o! Láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí Olóyè bá ń jẹun, o ò gbọdọ̀ fẹ́ gba ọ̀nà ilé wọn. Ìsàlẹ̀ Odò ni kó o kọrí sí. Ìgbìmọ̀ ti kọ lẹ́tà sí ọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi níwájú ààfin. Ìwọ alára lo já a gbé lọ, o ò lè ní o ò rí i gbà! Bí afẹ́fẹ́ bá ṣàìgbọràn, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ni yóò jìyà rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń gbà lọ.

Àṣẹ Karùn-ún! Ewúrẹ́! Ewúrẹ́ márùn-ún tó kú ní agbo ilé Jagun lọ́sẹ̀ tó kọjá, olè ni wọ́n! Olè paraku! Wọ́n lọ lá eérú ìléru, wọ́n sì kú pẹ̀lú òjé ìlú nínú ikùn wọn. Ẹni tó ni wọ́n kò gbọdọ̀ sin wọ́n. Kó gbé wọn wá kí wọ́n yọ òjé náà padà. Ní ti adìẹ, wọ́n ṣì ń ṣèwádìí lọ́wọ́.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ báyìí, ó ti kọjá ẹ̀rín.

Àṣẹ Kẹfà. Láfún. Gbogbo yín lẹ mọ Ìyá Ẹfúnṣeyè. Orí Àpáta Pẹrẹsẹ ni wọ́n ti ń sá láfún. Ibẹ̀ ni ìyá wọn ti sá a. Ibẹ̀ ni ìyá ìyá wọn ti sá a. Kò síbòmíràn ní ìlú olókè yìí tí oòrùn ti ń dúró láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí pákí ti ń gbẹ lọ́jọ́ méjì láìhu olú. Èmi tí mò ń pariwo yìí, láfún wọn ni mo jẹ dàgbà. Funfun báláú ni. Láti ìgbà tí ìléru ti dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúdú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò sẹ́ni tó rà á. Ìyá ru igbá kan lọ sí ààfin, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ fojú ara wọn rí i. Arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Ìgbìmọ̀ fi ìyá sínú oòrùn láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Mo wà níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́, n ò ní parọ́ fún yín.

Ìdájọ́ rèé. Olóyè Adégòróyè yẹ láfún náà wò láti inú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ti gíláàsì pa. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe láfún yẹn! Mo tún un wí! Kò sí ohun tó ṣe é! Oríkunkun lásán ló sọ ọ́ di dúdú! Wọ́n ní ó dára ní jíjẹ, ó sì ń ṣe ara lóore. Wọ́n wá ní kí akọ̀wé wọn tọ́ ọ wò. Akọ̀wé rántí lójijì pé òun ń gbààwẹ̀. Àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o! Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé láfún yẹn kì í ṣe ohun jíjẹ, ọ̀tá ìlú ni, wọn yóò lé e jáde tòun tẹ̀rù rẹ̀.

Àṣẹ Keje ló gbẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe to gbogbo ìyókù sílẹ̀. Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Àpáta Pẹrẹsẹ di ti ìléru kejì. Kí Ìyá Ẹfúnṣeyè kó ẹní wọn, agbọ̀n wọn àti ìgbálẹ̀ wọn kúrò lórí rẹ̀. Ohun tó bá kù níbẹ̀, wọn yóò sọ ọ́ síná. Níbo ni kí ìyá ti máa sá láfún? Ìwé náà ò sọ. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìwé parí. Ẹ má tíì lọ! Iṣẹ́ akéde ò tíì parí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi jẹ́rìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ Ìdó-Àpáta dó, àṣẹ tó bá kan ilẹ̀, orí ilẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ti ń ké e. Ẹ̀ẹ̀mẹta, lójú ẹni tó ń lò ó, nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Àṣẹ tí wọn ò bá ké bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì pa á. Baba mi ló fi kọ́ mi. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí náà ló mú mi búra sí i lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní agogo.

Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, mo gun Àpáta Pẹrẹsẹ. Ìléru ń jó lala. Ìyá Ẹfúnṣeyè jókòó ti ẹní wọn, wọ́n ń wò mí. Mo lu agogo. Mo lanu kí n kígbe. Ohun tí kò sí yẹn wọ̀ mí lọ́fun! Ikọ́ dé! Mo rántí Àṣẹ Kejì. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ka igba ìgbésẹ̀ pé pérépéré, mo hú u níbẹ̀, mo padà sókè. Mo tún lanu. Ikọ́! Mo tún sá. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé! Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi ń dà lójú mi, ohùn mi ti lọ pátápátá. Ìyá dìde, wọ́n bu omi fún mi mu. Ẹni tí mo wá lé kúrò nílẹ̀ rẹ̀ ló fún mi lómi. Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú tì mí gan-an.

Kí ni kí n wá ṣe? Bí mo bá ké Àṣẹ Keje lórí àpáta, mo ti rú Àṣẹ Kejì. Èmi, akéde ìlú, kí n rú òfin ìlú? Ó tì o! Èèwọ̀ ni! Ẹ gbọ́ ọ báyìí, ẹ gbọ́ ọ yékéyéké! Wọn ò tíì pa Àṣẹ Keje! Àpáta Pẹrẹsẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó! Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹní Ìyá Ẹfúnṣeyè!

Mo lọ rò ó fún Olóyè. Inú bí wọn. Wọ́n ní ọ̀fun mi ló burú, pé kò sí ohun tó ń ṣe afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní bí mi ò bá lè ké e, àwọn fúnra àwọn yóò gòkè lọ, àwọn yóò sì fi ẹnu àwọn ké e. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló gbọ́. Mo yára dọ̀bálẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ àgbà kì í yẹ̀, kí wọ́n tó lè yí i padà.

Nítorí náà, ìlú, ẹ wá o! Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ní aago méjìlá ọ̀sán, Olóyè Adégòróyè yóò dúró lórí Àpáta Pẹrẹsẹ. Ìléru yóò máa jó. Kò sí gíláàsì níbẹ̀. Wọn yóò ké àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀mẹta láìhúkọ́. Kí oníkálukú gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Bí ohùn wọn bá jáde lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ni àpáta, èmi fúnra mi ni n ó ru ẹní ìyá sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Ẹfúnṣeyè náà rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní láyé àwọn, àlejò pàtàkì ò wá sọ́dọ̀ àwọn rí kó lọ láìjẹun. Àwọn yóò ti rokà de Olóyè. Láfún orí àpáta ni, èyí tí Olóyè fẹnu ara wọn sọ pé ó dára, pé ó ń ṣe ara lóore. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ Olóyè, lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má jẹun àárọ̀ wá o.

Èmi Oyèékànmí ti sọ tèmi kalẹ̀. Ó ku ẹnu Olóyè!