Ìkíni Ló Jẹ Ìwé Ìdánwò Tán

Ojú kì í ti àgbà tó ń kàwé. Agogo ìdánwò ni kò mojú àgbà. Ìdánwò girama ku ọjọ́ mẹ́ta ní abúlé Simalkot lórí òkè, Yamkali, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ ṣírí àgbàdo tí a so rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìwé lẹ́tà kíkọ. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, Toplal tí ń bomi la wàrà ni ẹgbẹ́ oníwàrà yóò fi ṣe akọ̀wé dípò rẹ̀, nítorí òun ti ní ìwé-ẹ̀rí. Nirjala, ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ gbé láti oṣù mẹ́jọ, ni olùkọ́ rẹ̀.

Nirjala tẹríba láti fi orí kan ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, bí ìyàwó ti ń ṣe láràárọ̀. Yamkali náà tẹríba sí ẹsẹ̀ olùkọ́. Orí pàdé orí, gbà!

"Yéè! Màmá, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ kì í kí tíṣà ẹ̀ ni?"

"Èèwọ̀! Ìyàwó yín ni mo jẹ́."

"Tíṣà ni ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Tílẹ̀ bá ṣú, wàá padà di ìyàwó, wàá sì fọ abọ́. Mú ìbéèrè wá jàre."

Nirjala kà á sókè: "'Kọ lẹ́tà sí alága wọ́ọ̀dù rẹ. Ṣàlàyé ìṣòro omi abúlé rẹ, kí o sì dábàá ọ̀nà àbáyọ méjì.'"

Kò tíì panu dé tí bírò Yamkali ti ń sáré lórí ìwé.

"Màmá, kí lẹ ń kọ?"

"Mò ń kí alága ni. Mo ti kí i, mo ti kí ìyàwó ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí orúnkún ìyá ẹ̀ tó ń dùn ún."

"Orúnkún wà nínú ìbéèrè ni?"

"Ṣé kí n kàn já lu àgbàlagbà láìkí i?"

"Ṣebí ohun tẹ́ ẹ ní ó ṣe yín lésìí náà nìyẹn! Agogo lù, ẹ ṣì ń kí ẹfọ̀n wọn!"

"Ẹfọ̀n ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."

Nirjala gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù rọ́pò. "Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ìbéèrè, kẹ́ ẹ ronú. Ẹ fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe."

Yamkali fàlà tọkàntọkàn. Nirjala yọjú wò ó.

"Màmá, gbogbo ẹ̀ lẹ fàlà sí. Àní títí kan 'Ojú ìwé kejì'."

"Ṣé ìjọba máa ń tẹ ohun tí kò wúlò ni?"

"Ó dáa. Ta lẹ fẹ́ kọ̀wé sí?"

"Alága. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ̀wé sí i. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ewúrẹ́ ẹ̀ ti jẹ ẹ̀fọ́ mi."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí orúnkún ìyá ẹ̀ tán!"

"Ìyá ẹ̀ kọ́ ló jẹ ẹ̀fọ́."

"Kí wá ni ìṣòro omi abúlé wa?"

"Ó ti pọ̀ jù."

"Omi tí kò jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láti oṣù méjì?"

"Nínú wàrà Toplal ni mò ń wí."

"Ọ̀nà àbáyọ méjì ńkọ́?"

"Ọ̀kan, kí wọ́n lé Toplal lọ. Èkejì, kó má padà wá."

Nirjala di orí mú, ibi tó wú sì dùn ún. Ó wá rántí bí obìnrin yìí ṣe wọ ilé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

"Màmá, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá tọrọ mi, ṣé bẹ́ ẹ ṣe wọlé lẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?"

Yamkali fi imú rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọdé ni mí? Mo kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń pàṣẹ nílé yẹn. Wọ́n ní bàbá rẹ ni. Irọ́ ni, ìyá rẹ àgbà ni. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Pé wàá jìnnà, wàá sì fìwé sílẹ̀. Mo wá mú ọ̀rọ̀ méjì dání: ilé wa ò ju ìrìn wákàtí kan lọ, ìwé rẹ ò sì ní dúró. Èyí tó dùn jù ni mo fi gbẹ̀yìn."

"Báwo lẹ ṣe kí wọn pẹ́ tó?"

"Gbólóhùn kan. Tíì ti ń tutù."

Nirjala fò dìde. "Ohun tí mò ń wí látàárọ̀ nìyẹn! Ẹ ṣe é fún alága!"

Yamkali nu pẹ́ńsù mọ́ṣọ, ó fi ìlà mẹ́rin ṣókí la ètò lẹ́tà náà sílẹ̀: Alága, ìbò ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rọ gbẹ, àwọn obìnrin ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọ̀kan, kí wọ́n gbé táńkì omi òjò wá. Èkejì, kí wọ́n tún ọ̀pá omi ṣe kí ìbò tó dé.

"Toplal ńkọ́?" ni Nirjala fi dán an wò.

"Kò sí nínú ìbéèrè."

Inú Nirjala dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Màmá, ẹ ti yege ìwé yìí! Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi: bàbá àwọn ọmọge tó kù ládùúgbò wa ló lówó, tó sì ní ẹfọ̀n ju bàbá mi lọ. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ yàn?"

Yamkali kò gbójú sókè. Ó rọra fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè.

"Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Ọmọ mi ló ń wá ìyàwó. Èmi, tíṣà ni mo wá tọrọ."