Bàálù Bàbá Wa àti Ìdí Igi Méjì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ẹ fẹ́ ní ẹyẹ ni wọ́n wò. Irọ́ ni. Ẹyẹ wo lẹ rí tó gbé apá kan sílé tó fi èyí tó kù jáde? Ẹyẹ ò dán irú ẹ̀ wò rí, orí ẹ̀ pé. A kì í sì í kìlọ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni ò dán wò rí. Èèyàn ló dán an wò. Ilé wa ni, ní Ìkìrun, ojú mi ló sì ṣe. Ẹni tó bá ní òun ti gbọ́ òwe yẹn ṣáájú ìgbà náà, kó mú bàbá tó pa á fún un wá.

Bàbá mi, Látúnjí, ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe ní Kánò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé mọ́tò bọ̀ wálé. Bàbá mi gbé páálí ńlá kan bọ̀. Bàálù ló wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe ti gidi o, àtọwọ́tò ni: ike wẹ́wẹ́ tí èèyàn máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di bàálù. Ẹ má rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń sọ. Apá ẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tó wà nínú bàálù gidi ló wà nínú ẹ̀, títí kan bẹ́líìtì tí awakọ̀ fi ń de ara ẹ̀ mọ́ àga, èyí tí kò ju irun ìpéǹpéjú lọ.

Ẹ̀mú tín-ín-rín ni bàbá mi fi ń mú wọn. Tó bá ti jókòó tì í, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sín. Lọ́jọ́ kan, bẹ́líìtì kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ mọ́ títí a ó fi rí i. Ìyálé màmá mi, Ìyá Múyìwá, fara dà á, fara dà á, ó sú u.

Ó ní, "Bàbá Múyìwá, ṣé awakọ̀ yín ń lọ síbì kan ni? Ẹ jẹ́ kó jókòó láìde ara ẹ̀."

Inú gèlè Ìyá Múyìwá fúnra ẹ̀ la padà ti rí bẹ́líìtì náà.

Èmi nìkan ni màmá mi bí. Ìyá Múyìwá bí márùn-ún, ọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń yọjú sí ibi iṣẹ́ bàbá wa àfi tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo máa ń bá a di iná mú, tí mo máa ń bá a po ọ̀dà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń to wáyà sínú ẹ́ńjìnnì tó wà ní imú bàálù, pupa, búlúù, yẹ́lò, tín-tìn-tín, oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó parí ẹ̀, ó gbé ìdérí lé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa.

Mo ní, "Bàbá, ta ló máa wá rí i?"

Ó ní, "Àwẹ̀ró, èmi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Àìsàn ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ara bàálù ti pé, apá méjèèjì ti pé, ó ku ká so wọ́n mọ́ra. Iyàrá iṣẹ́ ẹ̀ ò lè gbà á tí apá bá ti wà lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sún un síwájú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"So apá ẹ̀ mọ́ ọn, kó o gbé e kọ́ sí àjà pálọ̀ lọ́jọ́ ogójì mi. Mi ò rí i lódindi rí. Ìwọ bá mi rí i."

Bó ṣe kú nìyẹn. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ nínú ogún bàbá mi mọ́ ju kí n rí bàálù yẹn lódindi.

Bàbá Àjàgbé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí, ló pín ogún. Ìdí igi la fi ń pín ogún nílé wa: ìyàwó kan, ìdí igi kan, iye ọmọ yòówù kó bí. Ó pín ilé. Ó pín oko. Mo wá kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gba oko tó kàn mí. Ẹ fún mi ní bàálù."

Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí ni ojú àwọn ẹ̀gbọ́n mi là. Búọ̀dá Múyìwá, àkọ́bí, dìde.

"Ẹ gbọ́ ná. Èèyàn kì í fi oko sílẹ̀ gba ike. Nǹkan wà nínú bàálù yẹn. Bàbá kan náà ló bí wa."

"Kí ló wà nínú ẹ̀, Búọ̀dá? Ẹ̀yin tí ẹ ní orí bàbá ti ń dàrú?"

"Ìgbà yẹn nìyẹn."

Bàbá Àjàgbé gbọ́wọ́ sókè. "Ìdí igi mélòó ló wà nílé yìí? Méjì. Apá mélòó ló wà lára bàálù? Méjì. Ọlọ́run ti bá wa pín in, ẹ̀yin tún ń jà."

Mo ní, "Bàbá, ara ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ta ló ní ayùn?"

Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé ìdí igi ni. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí la fi ń pín in, ká fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, wọn ì bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹran Iléyá.

Wọ́n pe Súlè kápẹ́ńtà. Súlè fi ayùn là á láti imú dé ìdí. Àga awakọ̀ méjì tó wà nínú ẹ̀, ọ̀kan bọ́ sí tiwa, ọ̀kan bọ́ sí tiwọn. Ìrù ẹ̀ tó dúró ṣánṣán ò ṣeé là. Bàbá Àjàgbé ní tòun nìyẹn, pé àgbà tó pín ẹran kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Súlè ò tíì gbé ayùn sílẹ̀ tí bàbá ti ń fi ìrù náà fẹ́ra.

Ìgbà tí ayùn dé inú ẹ́ńjìnnì ni wáyà bàbá mi tú jáde, pupa, búlúù, yẹ́lò. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó. "Háà, bàbá yìí ṣiṣẹ́ o." Búọ̀dá Múyìwá tiẹ̀ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wá inú ẹ̀ bóyá owó wà níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi jókòó tì í, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dìgbà tí wọ́n là á sí méjì. Ó dùn mí wọ egungun, ó ṣì ń dùn mí.

Síbẹ̀ mi ò sọ̀rètí nù. Mo rò ó pé tí mo bá so apá tèmi mọ́ ìlàjì tèmi, tí wọ́n so tiwọn mọ́ tiwọn, tá a gbé méjèèjì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ á rí bàálù kan. Mo lọ bẹ Búọ̀dá.

"Ọjọ́ kan péré, Búọ̀dá. Nítorí bàbá."

"Kí àwọn àlejò má wá mọ tẹni tó dára jù? Rárá."

Wọ́n kun tiwọn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Bàbá Àjàgbé ní kí wọ́n gbé àga òun sáàárín pálọ̀, kí wọ́n gbé tiwọn kọ́ lọ́tùn-ún òun, kí wọ́n gbé tèmi kọ́ lósì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ti ẹlòmíì pè ní tiẹ̀.

Ẹ gbé ohun tó ní apá kan kọ́ wò kẹ́ ẹ rí i. Apá yẹn ló máa fà á wálẹ̀. Tèmi doríkodò, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Búọ̀dá Múyìwá ò gbà kí tiwọn dà bẹ́ẹ̀. Ó lọ gbé ọmọ ọlọ ìyá ẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí kò ní apá. Ó tọ́ lóòótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá Múyìwá ní, "Kí ni mo wá fẹ́ fi lọ ata?"

Ọjọ́ ogójì pé, èrò kún pálọ̀. Bàbá Àjàgbé jókòó sáàárín pẹ̀lú ìrù bàálù lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ilé yìí ò ní pín."

"Àmín."

"Ohun tó máa ya ọmọ ìyá, kò ní dé àárín yín."

"Àmín."

Ẹ̀yin náà mọ ọmọ ọlọ, ó ń dán, ó ń yọ̀, okùn kì í dì í mú pẹ́. Ó yọ́ jáde nínú okùn, ó balẹ̀ gbì. Bí ìwúwo ẹ̀ ṣe kúrò, ìlàjì tiwọn yí po, apá ẹ̀ fì, ó gbá tèmi, okùn méjèèjì já. Orí Bàbá Àjàgbé ni gbogbo ẹ̀ wó lé. Àga ṣubú, bàbá ṣubú, fìlà lọ lọ́tọ̀.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo wò. Ìlàjì méjèèjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ lórí àyà Bàbá Àjàgbé. Apá kan nà sọ́tùn-ún, apá kan nà sósì. Bàálù bàbá mi nìyẹn, lódindi.

Búọ̀dá Múyìwá ní, "Àwẹ̀ró, kí lò ń wò? Gbé e kúrò lára bàbá."

Mo ní, "Búọ̀dá, ẹ fún mi níṣẹ́jú kan."

Wọn ò fún mi. Wọ́n fà á, ó fọ́.

Bàbá Àjàgbé ò tíì dìde nílẹ̀ tó fi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ẹyẹ kì í fi apá kan fò."

Gbogbo pálọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kárí Ìkìrun. Wọ́n ń yìn ín pé ó gbọ́n. Ẹni tó ní kí wọ́n gbé ayùn wá ni wọ́n ń yìn o, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ayùn.

Búọ̀dá Múyìwá fi apá tiwọn bo ilé adìẹ. Apá tèmi wà lára ògiri iyàrá mi. Tí mo bá lọ ìgbéyàwó, tí ẹnì kan bá dìde tó pa òwe yẹn fún tọkọtaya, gbogbo èèyàn á máa mi orí pé ọgbọ́n ńlá ni. Èmi kì í mi tèmi. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí pé òótọ́ ni, ẹyẹ kì í fi apá kan fò. A là á sí méjì, a so ọmọ ọlọ mọ́ ọn, a gbàdúrà sí i, kò fò.