Béèsì Kẹta Kì Í Ṣe Àga

Ẹ bá mi kí Ọlágúnjú! Ọ̀gá-lórí-sófà! Akọ́nimọ̀ọ́gbá-tí-kò-gbá-rí! A-fi-ìjókòó-gba-bésíbọ́ọ̀lù! Ẹ kí i dáadáa o, torí bí ẹ ò bá kí i, á kí ara ẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń pẹ́ jù.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Bísọ́lá lorúkọ mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Nínú ìjọ wa ní Fairwood, ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ Ọlágúnjú. Ọ̀gá ni nílé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ikùn ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí òun alára tó dé. Kò sí eré tí kò lè ṣàlàyé tí eré náà bá ti parí. Tí wọ́n bá bi í kó tó parí, á ní òun fẹ́ yáa lọ tọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, a wà nídìí tíì àti míìtì-páì ní gbọ̀ngán ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré tá a wò lórí tẹlifíṣọ̀n ló wà ńlẹ̀. Kóòṣì kan yọ ajùbọ́ọ̀lù ẹ̀ kúrò lórí pápá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí bọ́ọ̀lù tó ń jù gbá.

"Àṣìṣe ńlá!" Ọlágúnjú gbá tábìlì, tíì mi dà nù. "Ẹni tó ń ṣe dáadáa, wọn kì í yọ ọ́. Ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ló ń parí iṣẹ́ wọn láìsí wàhálà."

Ayọ̀wálé, ọmọ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé, tó háyà yàrá kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Metro, na ọwọ́ sókè bí ẹni wà ní kíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ ẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù tó ń jù ò yára mọ́. Ó jọ pé kóòṣì ò fẹ́ kó farapa ni. Níbo lẹ ti rí ìdá yẹn, sà?"

"Níbo kẹ̀? Orí mi!"

Michelle, ọmọ àlùfáà wa, tó gbá eré yìí ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní háísíkúù, bú sẹ́rìn-ín. "Uncle, that's not a real stat."

"Ìwọ Michelle, ọmọ tí wọ́n bí sí Bowie níbí, kí lo mọ̀ nípa Amẹ́ríkà?"

Gbọ̀ngán dàrú fún ẹ̀rín. Ọlágúnjú rò pé à ń yìn ín ni, ló bá dìde, ó tẹríba fún wa.

Èmi náà dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹnì kan bá ti dé béèsì kẹta, tó kù díẹ̀ kó wọlé, ṣé kò yẹ ká kàn rọra fi igi kan bọ́ọ̀lù, kónítọ̀hún ráyè sáré wọlé?"

"Eré tálákà nìyẹn! Ọlọ́gbọ́n ń jí béèsì ni." Ohun tí wọ́n ń pè ní jíjí béèsì ò ju pé kéèyàn sáré lọ sí béèsì tó kàn kí ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù. "Bísọ́lá, béèsì ò ní olówó ẹ̀. Ẹni tó bá láyà ló ni ín!"

Ohun tí òùngbẹ ẹ̀ ń gbẹ Ọlágúnjú gan-an ni oyè. Ìjọ ń wá ẹni tí wọ́n máa fi jẹ Bàbá Eré Ìdárayá, ọkùnrin yìí ò sì jẹ́ kí àlùfáà wa, Babáwálé, sinmi. Ó dìde nínú ìpàdé, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ fi mí ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́jọ́ píkíníìkì. Tí n ò bá gba ife lọ́wọ́ àwọn ará Langley Park tó ń bọ̀ wá bá wa gbá bésíbọ́ọ̀lù, ẹ fi oyè yẹn ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Ojú gbogbo ìjọ ni mo ti sọ ọ́!"

"Ojú gbogbo ìjọ náà la sì ti gbọ́ ọ," ni Àlùfáà Babáwálé wí.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Délọ́lá, ìyàwó ẹ̀, ló máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ ìjọ lọ síbi ìdárayá ní gbogbo Sátidé, nígbà tí ọkọ ẹ̀ bá ń ṣàlàyé eré fún sófà. Obìnrin náà kàn wolẹ̀ ni.

Ọjọ́ píkíníìkì pé. Oòrùn mú, èrò pọ̀, ẹni tó ń ya fídíò náà sì dé. Bí Ọlágúnjú ṣe rí kámẹ́rà báyìí, kóòṣì ò tó o mọ́. Ó ní òun náà máa gbá. Ta ló yọ? Michelle! Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wa! Ó ní ìṣirò òun fi hàn pé ara ọmọ náà ò yá lónìí. Mo bú u nínú mi, mo tún bú u sí etí Délọ́lá.

"Àgbà kì í wà lórí pápá kí béèsì ṣófo," ni Ọlágúnjú wí, ó ń fa ṣòkòtò ẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin tẹ ò mọ eré yìí, ẹ má fòyà. Béèsì mẹ́ta ló wà kéèyàn tó padà wọlé. Tí ẹsẹ̀ ẹ bá wà lórí béèsì ẹ, kò sẹ́ni tó lè mú ẹ. Tó o bá kúrò lórí ẹ̀, tí wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù kàn ẹ́ lára, o kú nìyẹn, ohun tí wọ́n ń pè ní "out". Ẹni mẹ́ta bá kú, ìpele parí.

A dé ìpele tó kẹ́yìn. Àwọn ará Langley Park fi àmì kan ṣáájú wa. Ẹnì kan ti kú nínú wa, àmọ́ Ayọ̀wálé ti sáré dé béèsì kẹta, ìrètí sì ń bẹ. Ló bá kan Ọlágúnjú. Kó tó gbé igi sókè, bọ́ọ̀lù ti bà á níkùn gbì. Òfin ní kí ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà máa lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń fọwọ́ pa ikùn, ó ń juwọ́ sí kámẹ́rà, ó lọ.

Nígbà tó kàn mí, ó jí béèsì kejì. Kò sẹ́ni tó lé e. Ayọ̀wálé ni àwọn ará Langley Park ń ṣọ́, ta ló rí ti àgbà rò? Àmọ́ Ọlágúnjú gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni ṣẹ́gun ìlú kan.

Mo di igi mi mú. Tí mo bá ti lè gbá bọ́ọ̀lù yẹn lọ sínú koríko, àwọn méjèèjì á wọlé, ife di tiwa, ọkùnrin yìí á sì gba oyè ẹ̀, ká lè sinmi. Àní mo ti ń gbàdúrà fún un!

Ni Ọlágúnjú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan etí. Ó kan imú, ó kan ikùn, ó yí fìlà po. Mo wo Ayọ̀wálé, Ayọ̀wálé wò mí. Mo rò pé ẹ̀fọn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. A ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn náà pé àmì àṣírí ni, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni kí àṣírí má bàa tú.

Kí n tó mọ̀, Ọlágúnjú ti ki eré mọ́lẹ̀, ó ń lọ jí béèsì kẹta. Béèsì tí èèyàn wà lórí ẹ̀!

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Zulaykha, ọmọ yunifásítì tó ń ṣọ́ béèsì náà fún Langley Park. Ọmọ yẹn dúró dè é pẹ̀lú hìjáábù ẹ̀. Ọlágúnjú dé, ó ń mí gúlegúle, ó ki ẹsẹ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Ayọ̀wálé lórí béèsì kan ṣoṣo náà.

Zulaykha kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, sà." Ó rọra fi bọ́ọ̀lù kàn án lórúnkún.

Bàbá ò tiẹ̀ wò ó. Ayọ̀wálé ló kọjú sí. "Àgbà dé, o ò dìde?"

"Mo wà lórí ìdúró, sà."

"Fún mi láyè jàre! Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ ní Ọ̀yọ́ nìyẹn?"

Mo figbe ta: "Ayọ̀wálé, má kúrò níbẹ̀ o! Má kúrò!" Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ti gbọ́ "àgbà dé", kò gbọ́ nǹkan mìíì mọ́. Ọmọ náà ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹríba, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ bọ́ síbí, sà."

Zulaykha fi bọ́ọ̀lù kan òun náà.

Jesse, rẹfirí wa, ọmọ Hillcrest Heights tí kì í rẹ́rìn-ín, nàka sí Ọlágúnjú. "Out!" Ó nàka sí Ayọ̀wálé. "Out!" Ẹni mẹ́ta pé, eré parí. Àwọn ará Langley Park dà sórí pápá, wọ́n ń fò sókè. Èmi ṣì di igi mú, inú ń bí mi débi pé omi ti lé sí mi lójú.

"Èmi? Out?" Ọlágúnjú ò kúrò lórí béèsì. "Ẹsẹ̀ mi ló wà níbí! Òfin ni mò ń sọ! Ẹ kà á síta, lórí gbohùngbohùn, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Kí la fẹ́ ju ìyẹn lọ? Michelle ti yọ fóònù. Ó ń ka òfin lédè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ẹ̀ gba gbohùngbohùn kejì, ó ń túmọ̀ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ìwàásù.

"Ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ wà lórí béèsì kan!"

"Àmín!" ni ìjọ ké.

"Ẹni tó ṣáájú, tó kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló ni ín!"

"Àmín!"

"Ẹni tó tẹ̀ lé e débẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá kàn án, ó kú!"

"Halelúyà!"

Ayọ̀wálé fẹ́ sunkún. "Èmi ńkọ́, sà?"

"Ìwọ," ni Àlùfáà Babáwálé wí, "ìwà ọmọlúàbí ló pa ọ́."

Wọ́n gbé ife fún Langley Park. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà ní kí Délọ́lá jáde wá. Ó ní ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara ẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ìdárayá, òun ni ìjọ fi jẹ Ìyá Eré Ìdárayá. Wọ́n gbé àga ńlá kan tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ síwájú èrò, wọ́n fi í jókòó. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra ẹ̀ ni yóò ru igbá ẹ̀ dé ilé. Ọlágúnjú fẹ́ jókòó jẹun, kò ríbi jókòó. Bó bá ti sún mọ́ bẹ́ǹṣì kan, àwọn ọmọdé tó wà lórí ẹ̀ á fò dìde, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn: "Ẹ bọ́ síbí, sà!" Bó bá yíjú sí tábìlì mìíì, àgbààgbà ibẹ̀ náà á dìde lápapọ̀, àtàlùfáà o! Ẹ̀rín fẹ́ pa èrò. Zulaykha pàápàá di ikùn mú.

Ó rìn pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́ títí ó fi dé iwájú ìyàwó ẹ̀, ó dúró, ó ń wo àga oníríbọ́ọ̀nù.

Délọ́lá jókòó dáadáa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ má wulẹ̀ wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ débí."